Irin Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ọ̀nà tí ìfẹ́ ń gbà bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan á ní ojú làwọn kọ́kọ́ rí, àwọn kan á ní ohùn ló kọ́kọ́ wọ àwọn létí. Ní ti Àbígbẹ̀yìn, èébì ló kọ́kọ́ gbé e. Mi ò ṣàwàdà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí, búrẹ́dì ló ń jẹ, ọwọ́ tó sì fi ń jẹ ẹ́, gíríìsì ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Gbogbo ìka rẹ̀ ló ti tẹ àmì sára búrẹ́dì funfun ọ̀hún. Ó wá já díẹ̀ níbẹ̀, ó nà án sí i.

"Gbà, jẹ ẹ́. Ìlà yìí ò ní tán kó tó di ọ̀sán."

"Èmi kọ́ nìyẹn," ni Àbígbẹ̀yìn wí, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé kò sí omi níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Omi wà. Ebi ni ò jẹ́ kí n dé ibẹ̀."

Ìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó fẹ́ yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn padà ni wọ́n wà yẹn, ní gbọ̀ngàn fásitì. Ọkùnrin náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Agùntáṣọlò nítorí pé ó ga débi pé ẹnu ọ̀nà ń bá a jà, kò fẹ́ yí nǹkan kan padà ní tiẹ̀. Ó ti wà ní ọdún kejì ní ẹ̀ka ẹnjiníà. Ọ̀gá rẹ̀ ló rán an wá ka iye àwọn tó fẹ́ ya wá sọ́dọ̀ wọn. Àbígbẹ̀yìn wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbà á fún, ẹnjiníà ló fẹ́.

Àwọn tó gbọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ aláìsàn ló ń sá fún. Irọ́ gbuu. Ọmọ nọ́ọ̀sì ni, kékeré ló ti mọ òórùn ilé ìwòsàn. Ohun tó ń rí i lára ni ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì gbà wọ inú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ẹnjiníà síbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì, tó dá tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, dúró kí ọmọ wọ balùwẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ẹnjiníà rẹ́, ó kọ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé dé ló tó jẹ́wọ́, ẹ̀rín ló sì fi jẹ́wọ́.

"Mo bá ẹ tún un ṣe ni. Mo fẹ́ràn ẹ ni mo ṣe ṣe é. Ọkùnrin wo ló fẹ́ gbé obìnrin tó ń rùn bí ẹ́ńjìnnì sílé?"

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìfẹ́ létí Àbígbẹ̀yìn, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ná.

Wíwọ ẹ̀ka ẹnjiníà láti ibòmíì kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù nìkan. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ìyẹn bàbá tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù irin wọn, tí irun etí rẹ̀ gùn ju ti orí rẹ̀ lọ. Bàbá yìí kì í wo èsì ìdánwò ẹnikẹ́ni. Yóò fún ẹ ní irin kan tó rí ṣágiṣàgi, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, yóò lu nọ́ńbà sí ìdí rẹ̀, yóò fún ẹ ní fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ní láti fi ọwọ́ ara rẹ ha irin náà títí gbogbo ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́jú tí igun rẹ̀ yóò sì gún régé. Lọ́jọ́ ìdánwò, yóò fi irin ìwọ̀n lé e, yóò gbé méjèèjì síwájú fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàrin wọn, padà síbi tó o ti wá.

"Irin ò mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́," bàbá máa ń wí. "Kò sì mọ ojú ẹkún."

Nọ́ńbà méje ni wọ́n lù sí ti Àbígbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sunkún nínú ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà ń rùn, ọ́ìlì tó ti pẹ́ pọ̀ mọ́ òógùn ọmọkùnrin ogójì. Eruku irin wọ ọ́ nímú débi pé bó bá fun ikun, dúdú ló ń jáde. Ó wo aṣọ ìnumú rẹ̀, ó rí i lára, síbẹ̀ kò lè ṣe kó má padà wá lọ́jọ́ kejì.

Agùntáṣọlò ni wọ́n ní kó máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn tuntun, òun náà ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó irin sí. Ìṣòro kan wà. Ọlọ́wọ́ òsì ni Àbígbẹ̀yìn, gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ọ̀tún hàn án ló ń yí mọ́ ọn lójú. Agùntáṣọlò gbìyànjú títí, ó wá lọ dúró sí òdìkejì tábìlì, kó lè máa wò ó bí ẹni ń wo dígí.

"Má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tì í lọ, gbé e, dá a padà."

"Mò ń tì í."

"Ò ń bá a jà ni. Kí ni irin náà gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ẹni méjì tó bá dojú kọ ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìkan ń tì, tí èkejì ń tì, ojú wọn á bára wọn pàdé, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Bó bá délé tán, Àbígbẹ̀yìn á máa bá ara rẹ̀ jà. Kí ló ń ṣe mí gan-an? Ọkùnrin tí èékánná rẹ̀ rí bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mẹkáníìkì? Bó bá sì di àárọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò pẹ́ kó tó dé etí Àǹtí Télọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ nítòsí ẹnu ọ̀nà fásitì. Agùntáṣọlò gbé ṣòkòtò lọ síbẹ̀ kí wọ́n bá òun mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó tún gbé òmíràn lọ. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, Àǹtí Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ṣòkòtò tó o ní ti gùn tó. Ta lò ń wá?"

Bí Àǹtí Télọ̀ ṣe di alárinà nìyẹn. Òun ló ń gbé "ó ní kí n kí ẹ" lọ, òun ló ń gbé "ẹ sọ pé mo dúpẹ́" bọ̀. Òun náà ló sì gbé e dé etí ìyá, nítorí ẹnu télọ̀ kì í dúró sójú kan.

"Mo ní kó má ṣe ẹnjiníà, ó lọ wá ẹnjiníà fẹ́," ni ìyá wí lórí fóònù. "Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Sọ fún un pé mi ò fẹ́ rí ọmọ náà. Bí irin yẹn bá sì kọ̀ ọ́, kíá ni kó padà sí nọ́ọ̀sì, ká gbàgbé gbogbo rẹ̀."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn mọ́kànlá ló tò. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó irin wọn sí láti àná, ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kan, ìmọ́lẹ̀ yọ. Nọ́ńbà mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ yọ. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ó mú nọ́ńbà méje, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó yí i, ó tún un yí.

"Nọ́ńbà méje. Ó dára. Ó dára gan-an ni."

Àbígbẹ̀yìn ò mọ ìgbà tó fò sókè. Ó gba irin náà, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọdé. Ó tún wò ó. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Fáìlì máa ń fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lójú irin. Ti ẹlòmíì, ọ̀tún ni ìlà náà ń fà sí. Tiẹ̀, òsì ni, nítorí ọwọ́ tó fi ń ṣe é. Ìlà tó wà lójú irin yìí, ọ̀tún ló fà sí pátápátá. Nọ́ńbà méje wà ní ìdí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin náà kì í ṣe tirẹ̀.

Kò tún bi ẹnikẹ́ni. Ó mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá Agùntáṣọlò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi ẹ̀rọ omi.

"Níbo ni tèmi wà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni. "O ti mọ̀? Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe ìyẹn. Èmi ni mo lu nọ́ńbà sí i."

"Ṣé o gbé tèmi síwájú ìmọ́lẹ̀ wò?"

"Mi ò gbé e. Mo kàn fojú wò ó, ẹ̀rù sì bà mí. Bí wọn ò bá gbà ẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lò ń padà sí, ìyá ẹ ò sì ní jẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ mọ́. Mo fẹ́ràn ẹ ni mo ṣe ṣe é."

Àbígbẹ̀yìn sún sẹ́yìn. Ó rí ìyá rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà, àfi bíi pé wọ́n jọ pàdé ṣètò ẹ̀.

"Gbé tèmi wá."

Ó mú un jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó ti fi àkísà mímọ́ wé e. "Mi ò lè jù ú nù. Ọwọ́ ẹ ló ṣe é."

"Dákẹ́. Jọ̀ọ́, dákẹ́," ni Àbígbẹ̀yìn wí, ó já irin náà gbà, ó sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni yẹ pàǹtírí.

Ó gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Télọ̀ lọ. Àfi bí ó ṣe bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, tó ti wá gbọ́ èsì. Àbígbẹ̀yìn ò lè pa á mọ́ra. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, ó retí kí ìyá rẹ̀ pariwo, kó ní ṣé o rí i, mo sọ fún ẹ. Ojú ìyá ṣàdédé là.

"Ọmọ yẹn ló ṣe bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin gbáko?"

"Mọ́mì, olè ló jà."

"Olè kí ni? Kí ló jí? Ọkùnrin tó lè fi ara ẹ̀ sínú ewu nítorí ẹ, irú ẹ̀ ni à ń wá káàkiri. Bàbá ẹ gan-an ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ní kó wá kí mi. Ẹnjiníà náà, kó máa ṣe é lọ. Ó sáà ti rí ẹni tí á máa bá a ṣe é."

Ẹ gbọ́ o. Ohun tí ọmọ bẹ̀ fún oṣù méjì tí ìyá ò gbà, ọjọ́ tí wọ́n fi màgòmágó ṣe é ló gbà á. Àbígbẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó rí i lára débi pé kò lè jókòó sórí àga kan náà mọ́.

"Ẹ̀yin àti ọmọkùnrin yẹn jọra yín," ló wí. "Mò ń lọ sọ fún Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù."

Àǹtí Télọ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á yọ ẹ́ kúrò, wọ́n á yọ òun náà. Bó o bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

Ó rọrùn láti wí. Láti ṣe é ló nira. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri pẹ̀lú ti àwọn tí wọ́n gbà. Ohun tó ti ń wá látọjọ́ tó ti ń tú rédíò bàbá rẹ̀ nìyẹn. Yóò gbé pẹ́ńsù, yóò tún gbé e sílẹ̀. Ṣé mo lè jọ̀wọ́ eléyìí? Ṣé mo lè ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, àbí mi ò fẹ́ràn rẹ̀? Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń ba inú rẹ̀ jẹ́ jù nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dìde láàrin ẹ̀kọ́, ó gbé irin méjèèjì lọ sórí tábìlì Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tẹ́ ẹ gbà kì í ṣe tèmi. Èyí ni tèmi."

"Ta ló ṣe èyí?"

Àbígbẹ̀yìn tẹjú mọ́lẹ̀.

"Má dáhùn. Mo mọ ọwọ́ tó ṣe é, èmi ni mo kọ́ ọ." Bàbá ránṣẹ́ pe Agùntáṣọlò. Ọmọ náà wọlé, ó rí irin méjèèjì, kò jiyàn. Ó ní òun ni, ọmọbìnrin náà ò mọ̀ sí i.

Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù mú irin Àbígbẹ̀yìn, ó fi irin ìwọ̀n lé e, ó lọ síwájú fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wo apá kan, ó wo apá kejì, ó wo gbogbo igun rẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. Èyí ì bá yege."

Agùntáṣọlò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá orúnkún ara rẹ̀ mú. Bàbá jókòó, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni ìdájọ́ ń bá lọ. Kí Àbígbẹ̀yìn padà sí nọ́ọ̀sì, kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú irin tuntun. Kí Agùntáṣọlò lọ lo ọdún kan nílé.

Agùntáṣọlò sáré bá a níta. "Má bínú. Jọ̀ọ́. Ká ní mo mọ̀."

"O lè mọ̀. Fèrèsé ò jìnnà sí ẹ," ni Àbígbẹ̀yìn wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "O fẹ́ràn mi, àmọ́ o ò gbà mí gbọ́. Kí ni kí n fi irú ìfẹ́ yẹn ṣe? Ó ń rí mi lára."

Ọdún kan kọjá. Àbígbẹ̀yìn lo ọdún yẹn lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ó da ìgbẹ́ aláìsàn láìfajú ro. Ó padà wá ha irin mìíràn, wọ́n gbà á, kò sì fò sókè lọ́tẹ̀ yìí. Agùntáṣọlò náà ti padà síléèwé. Wọ́n ń rí ara wọn lójoojúmọ́, "ẹ káàárọ̀" bí ẹni tí kò jọ ṣe nǹkan rí. Àǹtí Télọ̀ gbé lẹ́tà Agùntáṣọlò lọ fún Àbígbẹ̀yìn, ó gbé e padà láìtú. Àárò ọkùnrin náà ń sọ Àbígbẹ̀yìn, àárò náà sì ń bí i nínú.

Ọjọ́ kan, ní ọdún kẹta rẹ̀, ó ti fi àárọ̀ ọjọ́ náà ya àwòrán ẹ̀rọ kan tí àwọn apá rẹ̀ ò bára mu. Agùntáṣọlò ń kọjá. Àbígbẹ̀yìn pè é.

"Ṣé eléyìí tọ́?"

Ọkùnrin náà wò ó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lápò. "Kò tọ́."

"Níbo?"

"Ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí wàá wá a?"

Àbígbẹ̀yìn wo ọwọ́ tó wà lápò yẹn. "Màá wá a," ló wí. Wákàtí méjì ló fi wá a, ó sì rí i. Láti ọjọ́ náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò dárúkọ ìfẹ́.

Wọ́n jáde ilé ìwé, oníkálukú ríṣẹ́. Àbígbẹ̀yìn wà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfami. Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní àlejò ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Ìyá rẹ̀ ni, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú ń bí i débi pé kò rí èémí mí.

"Ojú tì mí lónìí. Gbọ́, ojú tì mí. Ọmọkùnrin yẹn àti bàbá ẹ̀ wá sílé láàárọ̀ yìí láti tọrọ ẹ. Bàbá ẹ̀ bi mí bóyá ọmọ mi gbà. Mo ní ó gbà, tayọ̀tayọ̀. Àǹtí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà bá dìde."

"Ó ṣe bí ẹni fẹ́ lọ?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní kí n má bínú, òun ò lè gbà á lẹ́nu mi. Èmi ìyá ẹ! Bàbá ẹ̀ ń fà á láṣọ, kò jókòó. Ó kọ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Mo sọ fún Àǹtí ẹ látọjọ́ yìí pé òṣìkà ni. Jẹ́ kó máa lọ, ẹni burúkú."

"Mọ́mì, kí ló tún sọ?"

Ìyá pòṣé. "Ó ní ẹni tó ni ẹnu wà níbi iṣẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn?"

Àbígbẹ̀yìn dúró lẹ́nu géètì náà. Ó wo ìyá rẹ̀, obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀, tí kò bi í ní nǹkan kan rí. Ó tún gèlè náà ṣe fún un lórí, jẹ́jẹ́, ó ní kó lọ jókòó nínú iléeṣẹ́ kó mu omi. Ó wá lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọkọ̀, ó lọ sí ibi tí Agùntáṣọlò ti ń ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin náà jáde wá bá a lójú títì. Ojú rẹ̀ ti wọ̀ sínú.

"Mo gbọ́ pé o kọ̀ mí," ni Àbígbẹ̀yìn wí.

"Ìyá ẹ ni mo kọ̀."

Àwọn èèyàn ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ohun tó o ṣe lọ́jọ́sí ṣì ń rí mi lára," ni Àbígbẹ̀yìn wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ó máa tán láé."

"Ó ń rí èmi náà lára."

"Ó dáa. Bi mí."

"Kí n bi ẹ́ ní kí ni?"

"Ohun tẹ́ ẹ bi ìyá mi."

Agùntáṣọlò bi í bóyá yóò fẹ́ òun, kò fi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Àbígbẹ̀yìn náà ò kánjú. Ó rò ó wò níbẹ̀, lójú títì, bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń lé e, títí ó fi dá a lójú.

"Mo gbà," ló wí.